Ìgbà Tí Mo Ń Pa Káyọ̀dé Láyò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn bí mo ṣe di ọ̀ta, ògbóǹtarìgì nídìí ayò, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà láì tọ́ sí mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà ti darúgbó, èmi náà ti darúgbó. Kí ni a tún ń sá fún?

Nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìlá Ọ̀ràngún ṣì wà, àwọn sójà ló sì ń ṣèjọba. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ àti máṣíìnì ṣe ní ọ̀nà ọjà. N kò tíì gbéyàwó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àánú tíṣà ni mo sì fi kà á tán. Ṣùgbọ́n bí máṣíìnì bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ń bá mi gbé. Òkè-Ìlá ni ìyá rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Ó ní kí ọmọ náà wá ka sẹ́kọ́ńdírì lọ́dọ̀ mi torí pé ojú mi le. Ojú mi le lóòótọ́. Ọkàn mi ni kò le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún yín. Igi ìyeyè kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ rẹ̀ la ti ń ta ayò nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà mẹ́fà la máa ń ta á níjókòó kan. Ayò sì ń fẹ́ orí! Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ilé méjìlá. Bí eré bá ti wọra, ilé kan ṣoṣo lè kó ọmọ ayò bí ogún jọ sínú. Odù la ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ igi tiwa, ọ̀ta kì í fi ọwọ́ ka odù. Orí ló fi ń kà á. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ odù, ọ̀pẹ tí kò mọ ayò ni, wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi délé.

Káyọ̀dé kì í tọwọ́ bọ odù. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń pa mí láyò. Á gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì sórí itan, á máa kà á, á máa ta ayò, á tún rọra sọ fún mi pé mọ́kàndínlógún ló ti wà nínú odù mi o, kí n má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ni odù, n kò mọ iye tó wà níbẹ̀!

Baba Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè mí, èmi tí n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá Ẹlẹ́mu, àgbàlagbà kan tó máa ń sọ kèrègbè rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa tó bá ti oko bọ̀, ló sọ mí lórúkọ náà. Ó ní òun mọ ewúrẹ́ kan tó mọ ayò jù mí lọ, àbùkù ewúrẹ́ yẹn kò ju pé ó máa ń jẹ ọmọ ayò.

Ó wá di ọjọ́ kan. Káyọ̀dé ti wọ fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pa á láyò.

Ẹ gbọ́ mi bí? Èmi! Mo ka ọmọ ayò tí mo jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde, mo tún jókòó. Bàbá Ẹlẹ́mu yọ igbá kúrò lẹ́nu, ó ń wò mí bí ẹni tó rí adìyẹ tó ń wẹ̀ lódò. Lọ́jọ́ kejì, mo tún pa á. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́fà sí òdo.

Ṣé ẹ rò pé mo bi ara mi léèrè ohun tó fà á? Ta ló ń béèrè ibi tí oríire ti wá? Mo ra fìlà tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn láyò, mo ń sọ fún wọn pé gbogbo àṣírí rẹ̀ kò ju kí èèyàn máa mí dáadáa. Mo tún rán awakọ̀ kan sí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Ìlá pé kó mọ̀ o, ojoojúmọ́ ni àbúrò rẹ̀ ń na ọmọ rẹ̀ láyò báyìí. Awakọ̀ náà padà wá ròyìn pé ojú gbogbo ọjà ni òun ti jíṣẹ́ náà. Mo fún un ní emu.

Àmì wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Àmì pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èmi ni mo ní àlàyé fún gbogbo rẹ̀.

Ojú Káyọ̀dé máa ń pọ́n tó bá ti ilé ìwé dé. Mo ní Apólò ni. Ṣé ẹ rántí Apólò, àrùn ojú tó máa ń gba gbogbo àdúgbò lọ nígbà yẹn? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi omi iyọ̀ wẹ ọmọ náà lójú. Mo ya tówẹ̀lì rẹ̀ sọ́tọ̀. Omi iyọ̀ á máa ta á lójú, á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo tún ń yangàn fún àwọn ará ilé pé ẹ ò rí i pé Apólò náà kò ran ẹnikẹ́ni? Ìtọ́jú mi ni.

Iṣu tí mo bá sè fún èèyàn mẹ́ta, òun nìkan á jẹ ẹ́ tán, á tún máa yọjú wo ìkòkò. Mo ní ọmọ ń dàgbà ni. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Mo ní ó ti rí ọmọbìnrin kan ni. 

Nídìí ayò gan-an ńkọ́? Ọmọ tí kì í tọwọ́ bọ odù ti ń tọwọ́ bọ ọ́. Á kà á, á gbàgbé, á tún kà á. Á kó ọmọ ayò sọ́wọ́, á máa pín in láti ilé dé ilé, á wá dúró láàárín méjì, á bi mí pé ibo ni òun bá a dé. Mo máa ń fi ìka hàn án. Mo rò pé ẹ̀rù agbára mi ló ń bà á!

Lọ́jọ́ kan ni Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá pé ká bá òun lẹ táyà. Obìnrin àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọ̀nà jíjìn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wò wá. Mo fẹ́ ṣe fáàrí, mo ń ju ọmọ ayò bí ẹni tó ń gbin àgbàdo.

Ó kan Káyọ̀dé, kò ta. A sọ fún un pé ó kàn án. Ó ní òun ti ta. A ní kò tíì ta. Ó ta. Kí n tó na ọwọ́ tèmi, ó tún ta òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, Káyọ̀dé náà ń bá wa rín in. Ìyá Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni ọmọ yìí ti ń ta ayò báyìí. Mo fi ìgbéraga dáhùn pé láti ìgbà tí èmi ti mọ̀ ọ́n ta ni. Ó bi mí nípa ojú rẹ̀. Mo ní Apólò. Ó bi mí nípa oúnjẹ. Mo ní ó ń dàgbà. Ó wò mí bí èmi náà ṣe máa ń wo táyà tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́.

"Àyìndé," ó ní, "igbó ni ọmọ yìí ń mu. Òórùn rẹ̀ wà lára aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Kì í ṣe pé ìwọ ń mọ ayò sí i. Òun ló ń gbàgbé rẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rù mi, kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo la mọ̀ nípa igbó nígbà náà: o mu ún lónìí, o ya wèrè lọ́la, o wọ ọjà níhòòhò lọ́túnla. Mo ti ń rí Káyọ̀dé láàárín ọjà lójú inú mi. Lẹ́yìn náà, mo rántí àwọn sójà. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ti fá orí mi. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ lọ, mo ní ẹ dákun mò ń bọ̀, mo sáré wọ yàrá lọ tú àpótí ọmọ náà.

Inú agolo máàtì sẹ́ẹ̀tì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà: ìdì kékeré mẹ́ta, tí wọ́n fi bébà ìwé ìṣirò wé.

Kí ni kí n ṣe é? Tí mo bá sun ún, èéfín rẹ̀ á lọ kí gbogbo àdúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá rì í mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ Ìlá á hú u. Tí mo bá jù ú sí ààtàn, àwọn ọmọdé á rí i. Ṣálángá tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ló kù, ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà. Mo kó ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fìlà tuntun mi, mo dé e mọ́rí, mo jáde.

Ta ni mo bá níta? Ọlọ́pàá kan, tó ti máṣíìnì rẹ̀ wá, tó ní kí n bá òun wo pọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Ṣé mo lè ní n kò wò ó? Mo bẹ̀rẹ̀. Ọrùn mi le gbọnrangandan bí ti ẹni tó ru omi. Ọlọ́pàá náà, èèyàn jẹ́jẹ́, ń bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí, pé òógùn ti bò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibà ni. Bí mo ṣe ń gbàdúrà pé kó máa lọ ni olóyè àgbà kan gba iwájú wa kọjá pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀. Ọlọ́pàá ṣí tirẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́mu tó dàgbà tó bàbá mi ṣí tirẹ̀. Èmi? Tí mo bá ṣí fìlà, ó tán. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀, fìlà á jábọ́, ó tún tán. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú, mo sì kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Olóyè dúró. Ó wò mí títí.

"Ìyàwó wa, a dúpẹ́ o," ó ní. "Ọkọ ńkọ́?"

Ẹ̀rín tí àwọn èèyàn rín lọ́jọ́ náà, bóyá ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà. Mo ju sípánà sílẹ̀, mo sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ìdì mẹ́ta ló yẹ kí n jù sínú ṣálángá. Ìbẹ̀rù ni mo fi ju fìlà náà sí i. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń kí mi ní ìyàwó lójú pópó.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, tí ọlọ́pàá náà sì ti lọ, mo padà lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó sì là mí lóye. Ó ní ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ga, o lè rò pé ó ti parí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ilé ṣì wà nílẹ̀, kò sì ní tán títí ọmọ yóò fi kọjá ogún ọdún dáadáa. Ibi tó ń sọ fún èèyàn pé "rọra, ronú ná" ni wọ́n ń kọ́ kẹ́yìn pátápátá. Ó ní igbó á wọlé bá àwọn òṣìṣẹ́ lórí àkàbà, á máa mi àkàbà náà. Àgbàlagbà tó ń mu ún ń ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ ti gbẹ. Ti ọmọdé ṣì tutù.

Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu ún ló ń ya wèrè. Mo mí kanlẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ó ń ṣílẹ̀kùn wèrè fún àwọn kan, pàápàá bí irú rẹ̀ bá ti wà nínú ẹbí, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò jẹ́. Mo tún dá èémí dúró, torí mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó máa ń bá igi sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó wọ́pọ̀ jù ni ohun tó ń ṣe Káyọ̀dé yìí: ìgbàgbé, ọkàn tí kò dúró sójú kan, ìwé tí kò wọlé mọ́. Tó bá jáwọ́ báyìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ padà. Tí kò bá jáwọ́, òun kò lè ṣèlérí. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ mú ẹgba. Ó ní kí n béèrè, kí n sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a pe Káyọ̀dé jókòó. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti òwúrọ̀, òwe mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn bi í pé láti ìgbà wo.

Ó ní àwọn sẹ́níọ̀ kan lẹ́yìn pápá ilé ìwé ló sọ fún òun pé ó ń jẹ́ kí ìwé wọlé. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan kàn ń dùn, gbogbo nǹkan ń pa òun lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìwé kò wọlé, wọ́n ní kò tíì mu tó ni.

"Bọ̀dá, mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, tí mo bá dijú, mo máa ń rí gbogbo ilé ayò, mo máa ń rí iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí, tí mo bá dijú, òkùnkùn ni mò ń rí."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Inú yín ń dùn."

Ó yíjú sí Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá á padà. Ìyá náà kò purọ́ fún un. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ayò á sọ fún wa. Ó ní tó bá ti jáde nílé ìwé, ọ̀dọ̀ mi tààrà ni, kó má gba ẹ̀yìn pápá mọ́, ká sì máa ta ọ̀nà mẹ́fà lójoojúmọ́. Ó wá nàka sí mi pé n kò gbọdọ̀ dẹ ọwọ́ fún un rárá. Bí mo bá dẹwọ́, a ò ní mọ ohun tó padà àti ohun tí kò padà.

Ẹ wo wàhálà! Èmi tí kò sí ohun tí mo ń fẹ́ láyé ju kí ọmọ náà nà mí, mo tún ní láti máa jà bí akin. Mẹ́fà sí òdo. Mẹ́fà sí òdo. Mo ń jẹ ọmọ ayò, ó ń korò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Kì í sùn dáadáa, oúnjẹ kò wù ú mọ́, inú rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀. Ó jágbe mọ́ mi lọ́jọ́ kan lórí gàárì lásán, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé. Bàbá Ẹlẹ́mu ń mú un lọ oko ní Sátidé, ó ń rojọ́ sí i létí, kò sì jẹ̀ẹ́ kó fẹnu kan emu rárá. Ó ní ilé tí kò tíì gbẹ, a kì í da omi sí i.

Ìyá rẹ̀ ti Òkè-Ìlá dé. Mo ro gbogbo ẹjọ́. Ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó wò mí.

"Ìwọ lo ránṣẹ́ sí mi lójú ọjà pé ò ń na ọmọ mi."

N kò rí ibi wọ̀. Ó sì bú sẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní láti kékeré ni òun ti mọ̀ pé n kò lè ta ayò.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Káyọ̀dé jẹ ọ̀nà kan nínú mẹ́fà. Mo fi ọwọ́ ìdọ̀tí sáré lọ sọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó jẹ méjì. Ó tún padà sí òdo. Ó tún jẹ méjì. Ọmọ náà kàn ń jókòó síwájú mi lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sínú koríko.

Ìgbà Àjíǹde ni. Àwọn ọmọ Ìlá ti Èkó àti Ìbàdàn dé, wọ́n yí wa ká lábẹ́ igi. Ọ̀nà márùn-ún ti lọ: mo jẹ méjì, ó jẹ mẹ́ta. Ní ọ̀nà kẹfà, mo ti kó odù ńlá kan jọ, mo fi pamọ́ bí ẹni tó ń sin ẹyẹlé. Káyọ̀dé na ọwọ́ sí i. Ó fà á padà. Ó dijú.

"Mọ́kànlélógún."

Èmi, mo ba àṣà jẹ́ níṣojú gbogbo èèyàn, mo tọwọ́ bọ odù mi, mo ń kà á. Mọ́kànlélógún ni, kò lé, kò dín. Ó ta tirẹ̀, ó sì kó mi nílé tán. Mẹ́rin sí méjì!

Mo fò sókè. Mo gbé ọmọ náà. Mo dì mọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì, tí kò fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti Èkó dé bi Bàbá Ẹlẹ́mu pé ṣé kì í ṣe ẹni tí wọ́n pa láyò ló ń jó yìí. Bàbá ní òun kan náà ni, ká fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà bẹ́ẹ̀ o. Ìṣirò sáà yẹn kò wọlé, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tún jókòó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́níọ̀ náà kò jáwọ́, orí rẹ̀ sì dàrú. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu títí tí ìyá náà fi kú. Káyọ̀dé ti ń wọn ilẹ̀ fún àwọn èèyàn báyìí. Mo bi í kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, bóyá ọmọ kan á kà á kó tó dán an wò.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Àárín ọjà ni mo ti ń wá wèrè, ìgbàgbé kékeré sì jókòó síwájú mi, mò ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ọmọ yín mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹ máa wò ó. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ẹ má gbé ẹgba, ẹ má sì sọ pé ó ń dàgbà ni. Ẹ fà á mọ́ra, ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ kó lè dáhùn.

Ó wá kàn yín. Ta ló ti rí irú èyí nínú ẹbí rẹ̀? Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí, kí ni ẹ sì pè é? Ẹ kọ ọ́ síbí, gígùn tàbí kúkúrú. Mo ti wọ gíláàsì mi.